Afẹ́fẹ́ Pọ̀ Lókun, Kí Ló Wá Ń Dí Iná Lọ́wọ́?

Lóṣù tó kọjá, ó bọ́ lẹ́nu mi lójú ewé yìí pé ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gun òpó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nínú Òkun Àríwá, láti èbúté Grimsby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí orúnkún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé. Àwọn kan ń béèrè bóyá owó wà níbẹ̀. Ó wà, ṣùgbọ́n orúnkún ń gba tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù ń bi mí ní ohun kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: afẹ́fẹ́ òkun kì í tán, ẹnikẹ́ni ò sì tà á, kí ló wá dé tí iná tó ń ti ibẹ̀ wá fi ní òdiwọ̀n? Mo ti ṣa díẹ̀ jọ nínú àwọn lẹ́tà náà. Mo gé àwọn tó gùn kúrú, mo sì yọ orúkọ gbogbo yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, apá mẹ́ta péré ni mo ń rí lára ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, àyè ńlá sì wà láàárín wọn tí atẹ́gùn ń gbà kọjá lásán. Kí ló dé tí wọn ò fi apá mẹ́wàá sí i, kí wọ́n lè mú gbogbo rẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, èmi náà béèrè èyí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débi iṣẹ́, wọ́n sì fi mí ṣẹ̀rín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Rò ó báyìí. Bọ́ọ̀sì kan ń já èrò sílẹ̀ ní Ìwó Róòdù. Bí ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀ bá dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, tó ní òun ò lọ mọ́, kò sí ẹlòmíràn tó máa lè sọ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe rí gan-an nìyẹn. Eré tí afẹ́fẹ́ ń sá ni ẹ̀rọ ń bù nínú rẹ̀. Bí o bá bu gbogbo eré náà tán, afẹ́fẹ́ ọ̀hún á dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ, èyí tó ń bọ̀ á rí i pé ọ̀nà ti dí, á sì yà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ. Bí o kò bá bu nǹkan kan, ó ti kọjá lọ nìyẹn, o ò rí iná kankan. Ibi tó dáa jù wà láàárín méjèèjì. Ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Albert Betz ló ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1920: kí afẹ́fẹ́ tó kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ ku ìdá kan nínú mẹ́ta eré tó bá wá. Nígbà náà, ohun tí o lè rí mú kò ju ìdá 16 nínú 27 lọ, ìyẹn nǹkan bí 59 nínú 100. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè ṣe láyé yìí, bó fẹ́ kó ní ogún apá, tó máa kọjá ibẹ̀. Àwọn tó dáa jù lónìí ń rí nǹkan bí 45 sí 50.

Àyè tí o rí yẹn kò ṣófo bí o ṣe rò. Lórí àwọn ẹ̀rọ ńlá, kí o tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, apá mìíràn ti dé ibi tí èyí àkọ́kọ́ wà. Mẹ́ta tó. Ẹ̀kẹrin á kàn fi kún ẹrù ni.

Níwọ̀n ìgbà tó o ti fà á: afẹ́fẹ́ tó bá jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ kan ti rẹ̀, ó sì ti dàrú. Ẹ̀rọ tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, àjẹkù ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi àyè tó fẹ̀ tó ìlọ́po méje ìbú ẹ̀rọ sáàárín ọ̀kan àti èkejì, èyí tó ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ fún àwọn tó tóbi jù. Ojú lásán kì í rí àjẹkù yìí. Àmọ́ ní 2008, kùrukùru bò ọgbà ẹ̀rọ Horns Rev ní Dẹ́nímáàkì, ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó yà á ní fọ́tò. Lẹ́yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni ìrù funfun gùn lọ, ó sì ń kọ lu ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a sì rí fùrọ̀ adìyẹ. Ní 2019, Ørsted, ilé iṣẹ́ Dẹ́nímáàkì tó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgbà yìí, jáde sọ fún gbogbo ayé pé òun ti ń ṣírò iná tí òun máa rí jù bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ ń dí ara wọn lọ́wọ́ ju bí òun ṣe rò. Torí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé kí a kún òkun fọ́fọ́ bí ẹni gbin àgbàdo, bi í pé ta ló máa jẹ àjẹkù.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, òkun wà lẹ́nu ọ̀nà wa, kò sí iná nílé wa. Kí ló dé tí Èkó ò lè gbin tirẹ̀ síwájú etí òkun Lẹ́kí? (Oníṣẹ́ iná, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí gbogbo ìgbà tí mo bá wálé ni wọ́n ń bi mí. Afẹ́fẹ́ tiwa ló jẹ́ ẹlẹ́sọ̀. A sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì ní àárín, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í bínú àyàfi nígbà ìjì òjò, ìjì òjò kì í sì í pẹ́. Bí a bá pín in dọ́gba láàárín ọdún, ó ń sáré ní nǹkan bí ìdajì eré ti Òkun Àríwá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iná, ẹ má rò pé ìdajì eré á fún yín ní ìdajì iná. Ẹ ya ojú fèrèsé kan lọ́kàn yín, kó fẹ̀ ní mítà kan, kó ga ní mítà kan. Bí afẹ́fẹ́ bá gba inú rẹ̀ kọjá ní mítà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tó wà nínú rẹ̀ á tan gílóòbù pupa kan, àwọn tó jẹ́ wáàtì 75 ayé àtijọ́ yẹn. Bí eré náà bá di mítà 10, gílóòbù mẹ́jọ ni. Eré di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́jọ. Ibi tí afẹ́fẹ́ Èkó ti ń rìn jẹ́jẹ́ yìí, ẹ̀rọ ńlá ò tíì jí lójú oorun dáadáa, torí mítà 3 tàbí 4 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó sì di bí mítà 12 kó tó mú agbára rẹ̀ jáde tán.

Ohun kejì ni ìsàlẹ̀ òkun. Àárín Òkun Àríwá níbi tí wọ́n ń pè ní Dogger Bank kò jìn. Ó ti jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ rí táwọn èèyàn ń ṣọdẹ lórí rẹ̀. Ní 1931, ọkọ̀ apẹja kan fi àwọ̀n fa ọ̀kọ̀ kan tí wọ́n fi ìwo àgbọ̀nrín gbẹ́ jáde láti ìsàlẹ̀ òkun náà. Ẹ rí i pé ibi táwọn baba wọn ti ń jẹ ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ń gbin òpó sí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Téèyàn bá kúrò ní etíkun Èkó, kò ní rìn jìnnà tí ìsàlẹ̀ á fi já wálẹ̀ gbùn-ún.

Bí a bá fẹ́ sọ ti afẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà, òkè ọya ni. Ẹ̀rọ 37 ni wọ́n gbìn sí Lambar Rimi ní Katsina, 275 kílówáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo wọn pọ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 10. Ẹyọ ẹ̀rọ kan ní Dogger Bank jẹ́ 13. Bó bá jẹ́ owó mi ni, ní Ìkòròdú, orí òrùlé ni mo máa gbé e lé, kí oòrùn máa gún un. Oòrùn ni Ọlọ́run fún wa, kò fún àwọn ará Grimsby.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá àwọn ìbejì mi ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lójú òkun. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń lọ. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó lọ, ó bọ̀, ó ní ọjọ́ mẹ́rin péré ni àwọn fọwọ́ kan ẹ̀rọ, pé ìgbì ò jẹ́. Ẹ bá mi wò ó, ṣé ìgbì ni àbí obìnrin? (Ìyá Ìbejì, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ẹ̀jìrẹ́. Ìgbì ni. Mi ò mọ bàbá wọn, mi ò sì lè dúró fún un lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n lórí ìgbì oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ gbé irin wá kí n fẹnu kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń dé orí ẹ̀rọ. Ọkọ̀ kékeré kan ló ń gbé wa lọ, rọ́bà dúdú ńlá sì wà ní imú rẹ̀. Irin méjì dúró gbọnrangandan lára òpó, àkàbà wà láàárín wọn. Ọ̀gákọ̀ á fi imú ọkọ̀ ti irin méjèèjì, á sì máa tẹ ẹ́ńjìnì mọ́ ọn kí ọkọ̀ lè lẹ̀ bí ìgbín mọ́ igi. Èèyàn á dúró ní imú ọkọ̀, okùn tó ti òkè wá á ti kọ́ ọ láyà. Ọkọ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀. Ẹ ó máa kà á lọ́kàn. Ìgbà tó bá dé téńté, tó fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀, ìgbà yẹn ni èèyàn ń gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, á sì gun ìgbésẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin kíákíá kí ọkọ̀ tó tún bọ̀.

Oṣù kẹta mi níbẹ̀, ojú kán mi. Ọkọ̀ ò tíì dé téńté tí mo ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọwọ́ mi ti di àkàbà mú, ẹsẹ̀ òsì ṣì ń bọ̀, ni imú ọkọ̀ bá tún sọ sókè, ó gbá mi lórúnkún. Mo gbọ́ ariwo rẹ̀ kó tó dùn mí. Okùn ni kò jẹ́ kí n bá omi lọ. Ọ̀gá tó wà lókè bojú wolẹ̀, ó ní kí n máa gùn bọ̀, pé àyè wà lókè láti sunkún.

Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà. Bí ìgbì bá ti kọjá mítà kan ààbọ̀, ọkọ̀ kékeré ò ní fi ẹnikẹ́ni sórí àkàbà. Kì í ṣe ìgbì kan ni wọ́n ń wọ̀n o. Wọ́n á mú ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìgbì tó ga jù, wọ́n á wá pín gíga wọn dọ́gba. Bí wọ́n bá wí fún yín pé mítà kan ààbọ̀ ni, ọ̀kan wà níbẹ̀ tó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta, kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó dé.

Ọkọ̀ ńlá wà, irú èyí tí bàbá àwọn ìbejì ń sùn sí. Ó ní afárá kan tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ẹ ti di adìyẹ mú rí, kí ẹ wá máa fi ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì? Orí rẹ̀ á dúró lójú kan bí ẹni wo tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹnu afárá náà ṣe ń ṣe nìyẹn: ọkọ̀ ń jó nísàlẹ̀, ẹnu afárá dúró jẹ́ẹ́ lára òpó, èèyàn á sì rìn kọjá. Pẹ̀lú rẹ̀ náà, bí ìgbì bá ti tó mítà mẹ́ta tàbí kó fẹ́ tó o, wọ́n á káwọ́ afárá sókè, gbogbo wọn á padà sídìí tíì.

Oṣù tí afẹ́fẹ́ dára jù ni oṣù tí ìgbì burú jù, torí afẹ́fẹ́ náà ló ń gbé ìgbì dìde. Mo lè sọ ti ìgbà tí ẹ̀rọ mẹ́gáwáàtì 8 kan kú mọ́ wa lọ́wọ́ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ohun kékeré tó ń sọ fún un ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló bàjẹ́. Kò tóbi ju ṣúkù àgbàdo lọ. Èyí tuntun wà nínú àpò mi. Mo ń wo ẹ̀rọ náà láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, bí ẹni tí wọ́n gba ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Afẹ́fẹ́ tó lè mú kó ṣiṣẹ́ tokuntokun ló ń fẹ́ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì. Bí ẹ bá fi 8 lọ́nà wákàtí 24 lọ́nà ọjọ́ 9, ẹ ó rí mẹ́gáwáàtì-wákàtí 1,728 tó bá afẹ́fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹwàá, òkun rọ̀, mo gòkè, ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa ti mọ̀ kí wọ́n tó fi ohùn nìkan ya atẹ́gùn sọ́tọ̀ kúrò lára àtẹ̀gùn. Àárín méjèèjì ni gbogbo ìyà wa wà.

Ẹ lè rí gíga ìgbì Òkun Àríwá lórí fóònù yín lójoojúmọ́, ẹ máa wò ó bó bá ti lọ. Bó bá sọ fún yín pé ìgbì ò jẹ́ nínú oṣù Òkúdu, ẹ tún kọ̀wé sí mi.

ÌBÉÈRÈ: Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ní àwọn ti ṣe ẹ̀rọ tó tóbi ju ti àná lọ. Ṣé a ò ní dé ibi tí ẹyọ kan ṣoṣo á tan iná fún odidi ìlú? (Houston, Amẹ́ríkà)

ÌDÁHÙN: Ọgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìn sínú òkun ni Vindeby ní Dẹ́nímáàkì, ní 1991. Ẹ̀rọ 11, kílówáàtì 450 lẹ́yọ lẹ́yọ. Wọ́n tú u ní 2017. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò pé mẹ́gáwáàtì 5. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní Dogger Bank ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Gígùn apá rẹ̀ kan jẹ́ mítà 107, ó ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Torí náà, mo gbà pé ojú yín kò tàn yín.

Ohun tó ń dá a dúró ni pé apá tí ẹ bá sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì á gba afẹ́fẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe é bákan náà, ìwọ̀n rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ wo èèrà, ó ń gbé ohun tó jù ú lọ dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun. Ẹ wo erin, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí òpó ilé, síbẹ̀ kò lè fò sókè lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹ̀rọ wa ń kúrò ní èèrà, wọ́n ń di erin. Wọ́n ń dá ìwúwo náà lọ́nà pẹ̀lú okùn kábọ́nù tó fúyẹ́ dípò fáíbà lásán, ṣùgbọ́n owó kábọ́nù kì í ṣe owó fáíbà.

Èyí tí mo fi ojú ara mi rí ni ti òjò. Ẹnu apá náà ń sáré tó mítà 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju 320 kìlómítà láàárín wákàtí lọ. Ní irú eré yẹn, ẹ̀kán òjò kì í ṣe omi mọ́. Mo ti sọ̀ láti òkè pẹ̀lú okùn láti lọ tún ojú apá kan ṣe, èyí tí ó ń gé afẹ́fẹ́. Ibi tó yẹ kó dán bí àwo tánganran ti di kòtò kòtò bí ìdí ìkòkò àgbá, mo ki ìka bọ ọ̀kan, ó gba ìdajì èékánná mi. Ojú tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kì í gé afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́, iná á dín kù. A ó ha á, a ó pa gọ́ọ̀mù sí i, a ó dúró kó gbẹ. Òjò tún ń bọ̀. Bí apá bá ń gùn sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ mú kó yí díẹ̀díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má bàa sáré jù, bẹ́ẹ̀ ni yíyí díẹ̀díẹ̀ ń béèrè irin tó lágbára jù ní àárín.

Ní oṣù Agẹmọ 2024, ọ̀kan nínú àwọn apá onímítà 107 yìí ṣẹ́ ní ọgbà ẹ̀rọ Vineyard Wind, lọ́dọ̀ yín ní Amẹ́ríkà. Ìfọ́kù rẹ̀ gúnlẹ̀ sí etíkun Nantucket, wọ́n ti etíkun pa. Gọ́ọ̀mù tí kò mú dáadáa níbi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ní ó fà á. Ọkọ̀ tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sókè nínú òkun náà kò pọ̀ láyé, ẹni tó bá sì ra ọkọ̀ fún ẹ̀rọ ọdún yìí, ẹ̀rọ ọdún mẹ́ta òní á ti ga ju kírénì rẹ̀ lọ. Àwọn ará Ṣáínà ò dúró. Ilé iṣẹ́ Dongfang gbé oní-mẹ́gáwáàtì 26 jáde ní 2024. Ní tèmi, ìwọ̀n kan ni kí wọ́n mú, kí wọ́n ṣe é fún ogún ọdún títí ọwọ́ á fi mọ́ ọn. Ẹni tó ń pààrọ̀ nọ́ọ̀tì ló ń sọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ẹni tó ń ta á.

ÌBÉÈRÈ: Bí afẹ́fẹ́ bá le sí i bí a bá ṣe ń jìnnà sí ilẹ̀, kí ló dé tí wọn ò lọ sí àárín agbami pátápátá? (Olùkọ́ físíìsì, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ohun méjì ni: ẹsẹ̀ àti wáyà.

Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ yìí jẹ́ páìpù irin kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, wọ́n sì fi òòlù ńlá gbá a wọlẹ̀. Ibi tó jìn jù tí wọ́n tíì fẹsẹ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀ dé ni mítà 58.6, ní ọgbà Seagreen ní Skọ́tíláǹdì, ní 2023, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì jẹ́ irin tí wọ́n hun bí òpó wáyà alágbára gíga. Kọjá bẹ́ẹ̀, irin á pọ̀ débi tí èrè ò ní kù. Nígbà náà, kó léfòó ló kù. Hywind ló kọ́kọ́ ṣe é bí ọgbà, lẹ́bàá Peterhead ní Skọ́tíláǹdì, ní 2017: ẹ̀rọ márùn-ún, mẹ́gáwáàtì mẹ́fà mẹ́fà. Ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àgbá gígùn tó rì wọ inú omi ní mítà 78, wọ́n kó ẹrù wíwúwo sísàlẹ̀ rẹ̀ kó lè dúró ṣánṣán bí ìgò tí a rọ iyanrìn sí, wọ́n sì fi ṣéènì dè é. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní 2024, wọ́n ní láti fi ọkọ̀ wọ́ gbogbo wọn kọjá òkun lọ sí Nọ́wè fún àtúnṣe ńlá, torí kò sí kírénì tó máa dúró lórí omi tó jìn tó bẹ́ẹ̀ kó sì ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ ya ara yín sí ẹni tó ní láti tú ilé rẹ̀ gbé lọ sí ọ̀dọ̀ káfíńtà.

Ti wáyà ló máa dùn mọ́ yín. Iná tí a ń lò nílé ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà abẹ́ òkun sì ní bàbà nínú, rọ́bà láàárín, irin lóde. Ẹ mọ̀ pé ohun tó bá rí bẹ́ẹ̀ ń tọ́jú iná pamọ́ sínú ara rẹ̀. Nígbàkigbà tí iná bá yí padà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún wáyà náà, kó tún tú u jáde. Ó dà bí ọmọdé tí ẹ rán lọ pọn omi, tó ń bu mu lójú ọ̀nà. Bí odò bá wà nítòsí, amù á kún. Bí odò bá jìnnà tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ọmọ náà á délé pẹ̀lú ikùn ńlá àti korobá òfìfo. Ọgbà Hornsea One, tó wà ní nǹkan bí 120 kìlómítà sí etíkun Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní láti kọ́ ibùdó kan sáàárín òkun lójú ọ̀nà láti bá wáyà náà wá nǹkan ṣe sí i. Àwọn Dogger Bank ní kí iná má lọ kó má bọ̀ mọ́. Ọ̀nà kan ni tiwọn ń gbà, wáyà kún lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ilé tí wọ́n ti ń yí iná náà padà wá tóbi bí ilé alájà púpọ̀, inú òkun ni wọ́n sì ń gbé e kalẹ̀ sí.

ÌBÉÈRÈ: Nígbà ìjì ńlá, ṣé ìgbà yẹn ni ẹ ń rówó jù? (Ọ̀ṣogbo)

ÌDÁHÙN: Rárá. Bí eré afẹ́fẹ́ bá ti kọjá mítà 12 tàbí 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ á yí apá rẹ̀ kí àlékún afẹ́fẹ́ kọjá lọ lásán. Tó bá tó mítà 25, ọ̀pọ̀ wọn á pa ara wọn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní fẹ́ rárá fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Àwọn ará Jámánì ní orúkọ fún un bó bá bọ́ sí ìgbà tí oòrùn náà ò ràn, Dunkelflaute ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá wo ọdún kan látòkè délẹ̀, ọgbà inú òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mú nǹkan bí 40 jáde nínú 100 tí a kọ sára rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi ń gbé ní Hull, ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yín. Ó ní òun lágbára. Kí ni kó kọ́kọ́ ṣe? (Bàbá kan, Ìjẹ̀bú Òde)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, Bàbá. Ibi tó wà dára, wọ́n ń ṣe apá ẹ̀rọ ní Hull gan-an. Ẹ̀kọ́ ààbò ni kó kọ́kọ́ lọ gbà. Wọ́n á kọ́ ọ ní bí a ṣe ń pa iná tó ń jó, wọ́n á kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń so ara ẹni mọ́ ibi gíga, wọ́n á sì jù ú sínú omi tòun ti aṣọ ààbò kó lè kọ́ bí a ṣe ń gun ọkọ̀ rọ́bà tó dojú dé. Àwọn ọmọ tó lágbára kì í fìdí rẹmi níbẹ̀. Orí àkàbà ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi. Ẹ sọ fún un kó wá ilé alájà mẹ́rin tó ní àtẹ̀gùn, kó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan dání, kó gòkè, kó sọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìdúró sinmi láàárín. Tó bá di ọjọ́ kejì, kó kọ̀wé sí mi bí orúnkún rẹ̀ ṣe rí.